Ṣé fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn eyín níṣẹ́?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn eyín ní yunifásítì kan níhìn-ín, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò ní kíláàsì bọ́ sí kílíníìkì ló wà lọ́wọ́ mi. Kò sí iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi hàn wọ́n tí wọn ò tíì wò lórí YouTube. Wọ́n á ní, 'A ti mọ̀ ọ́n, sà.' Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá jókòó ti aláìsàn, ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n, dígí ẹnu, ìyẹn dígí kékeré tí a fi ń wo inú ẹnu, á máa yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gá mi kan ní kí n fòfin de fídíò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n kúkú máa ṣe tèmi ránṣẹ́ sí wọn, kí n yéé ṣe àfihàn lójúkojú, torí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ju àga tí a ti ń tọ́jú eyín lọ. Kí lẹ rí sí i?"

Dókítà, ẹ kú làálàá. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé ìṣòro méjì ló wà níbẹ̀ tí ẹ fi okùn kan ṣoṣo dè pọ̀. Àwọn ọmọ yìí ti wo iṣẹ́ náà títí wọ́n fi rò pé àwọn mọ̀ ọ́n: ọ̀kan nìyẹn. Èkejì ni pé akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, àga ò tó, àsìkò yín náà ò sì gùn. Fídíò wà lára ohun tó fa ti àkọ́kọ́, a sì lè fi fídíò kan náà tún un ṣe. Ti èkejì, fídíò kọ́ ló fà á, kò sì lè wò ó sàn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín tó ní kí ẹ fi fídíò rọ́pò àfihàn ojúkojú, oògùn ti àkọ́kọ́ ni wọ́n fẹ́ fi wo èkejì.

Ti òfin tí ọ̀gá yín dá lábàá, n ò rò pé ó yẹ ká pẹ́ lórí rẹ̀. Ta ni yóò máa ṣọ́ wọn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì láago méjì òru, nígbà tí dátà òru ń ṣiṣẹ́? Wọ́n á wò ó, wọn ò kàn ní sọ fún yín mọ́ ni, ẹ ò sì ní mọ ohun tí wọ́n kó sórí wá sí kílíníìkì. Lójú tèmi, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá là á sọ pé "Sà, ẹni tí mo wò lórí YouTube kò ṣe é báyìí" ti ṣe yín lóore, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì ka "a ti mọ̀ ọ́n" yẹn sí ìgbéraga. Bí ọpọlọ gbogbo wa ṣe ń ṣe nìyẹn. Lọ́dún 2018, Michael Kardas àti Ed O'Brien, olùwádìí méjì ní Yunifásítì Chicago, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn wo fídíò ẹni tó ń ju ọfà kékeré sára pátákó, tàbí ẹni tó ń jó moonwalk, ijó tí a mọ̀ mọ́ Michael Jackson. Bí ènìyàn bá ṣe wò ó léraléra tó, bẹ́ẹ̀ ni ìdánilójú rẹ̀ pé òun náà á lè ṣe é ń ga sí i. Nígbà tí wọ́n wá ní ó yá, ẹ ṣe é ká rí i, wíwò náà kò tíì ṣe ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wọn láǹfààní kankan. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ wọn ni apá tó kẹ́yìn. Wọ́n fi fídíò ẹni tó ń ju igi sókè tó ń hán an han àwọn kan, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí wọ́n kàn di àwọn igi náà mú lọ́wọ́, kí wọ́n má tilẹ̀ jù ú. Dídì í mú lásán ti mú kí ojú wọn wálẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni mo máa gbé ìmọ̀ràn mi lé.

Èyí tí mo kà sí ìdí tó wúwo jù, tí n kì í sábà gbọ́ lẹ́nu àwa olùkọ́, ni ibi tí kámẹ́rà jókòó sí. Ẹ ṣí fídíò kan tí wọ́n ti ń gbẹ́ eyín ńlá òkè kí wọ́n lè dí i. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, eyín oníke ni. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú phantom head, orí ọmọlangidi tí a fi ń kọ́ṣẹ́, wọ́n dojú rẹ̀ sókè lórí tábìlì, kámẹ́rà sì ń wò ó láti òkè tààrà. Gbogbo igun ihò náà hàn gbangba. Kò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò sí ahọ́n, kò sí itọ́. Ní kílíníìkì, eyín kan náà kì í kọjú sí dókítà. Ó wà lọ́ọ̀ọ́kán nínú òkùnkùn, inú dígí ẹnu la sì ti ń rí i bí a kò bá fẹ́ ká ọrùn wa kò. Nínú dígí yẹn, irinṣẹ́ tí ẹ ń tì síwájú á máa dà bí ẹni ń bọ̀ wá bá yín. Ọwọ́ òsì tó di dígí mú ní iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ó ń fi eyín hàn, ó ń ta ìmọ́lẹ̀ sí i, ó sì ń fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ sẹ́yìn kí irin tó ń yí má bàa gé e. Omi tí ẹ̀rọ ń tú jáde sì ń ta bo ojú dígí ní gbogbo ìgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ yín kò rí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí nínú fídíò rẹ̀. Ibi tí dókítà kankan kì í fi ojú sí ni wọ́n ti fi iṣẹ́ hàn án, ọjọ́ tó jókòó ti aláìsàn sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rí iṣẹ́ náà láti ibi tó yẹ. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n tí ẹ sọ yẹn, apá kan nínú rẹ̀ ìbẹ̀rù ni, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Wọ́n tún ń gé àsìkò kúrò. Ẹni tó ń ṣe fídíò kò fẹ́ kí ó sú ẹni tó ń wò ó, nítorí náà gbogbo ibi tí ó bá dà bíi pé nǹkan ò ṣẹlẹ̀, yóò yọ ọ́. Ẹ wo iná aláwọ̀ búlúù tí a fi ń mú ohun ìdíhò aláwọ̀ eyín le. Ìpele tí kò nípọn ju mìlímítà 2 lọ là ń tò léra, a sì ń tan iná yẹn sí ìpele kọ̀ọ̀kan fún bíi ogún ìṣẹ́jú àáyá. Nínú fídíò, iná á tàn fìrí, ó ti di ìpele kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ìyẹn kọ́ṣẹ́ á ka ení, èjì, ẹ̀ta, á gbé iná kúrò, òkè á le, ìsàlẹ̀ á ṣì rọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ títí aláìsàn á fi padà wá pẹ̀lú eyín tó ń ta á. Bákan náà ni abẹ́rẹ́ tí a fi ń mú àgbọ̀n ìsàlẹ̀ kú. Ó yẹ kí títú oògùn yẹn gbà tó ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán. Bí a bá tú u kíá, ó máa ń dunni, ewu rẹ̀ sì pọ̀ sí i bí ó bá lọ bọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ta ló ń fi odidi ìṣẹ́jú kan han ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò sí ohun tó ń mira ju àtàǹpàkò dókítà lọ?

Níwọ̀n bí mo ti dárúkọ abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ jẹ́ ká dúró lórí rẹ̀, torí ó fi ààlà agbára fídíò hàn dáadáa. Nínú àwòrán, ẹ ó rí dókítà tó fi àtàǹpàkò wá kòtò etí egungun àgbọ̀n, tó gbé ara síríńjì sórí àwọn eyín kékeré tó wà lẹ́yìn eyín ajá ní ẹ̀gbẹ́ kejì ẹnu, abẹ́rẹ́ sì wọ ẹran. Ó parí. Ohun tó ń darí dókítà náà kò sí nínú àwòrán rárá. Egungun ni, tí ṣóńṣó abẹ́rẹ́ máa ń kàn lẹ́yìn tó bá ti wọlé tó nǹkan bíi mìlímítà 20 sí 25. Bí ó bá ti kan egungun ṣáájú ìgbà yẹn, a ti wà níwájú jù nìyẹn. A ó fà á sẹ́yìn díẹ̀, a ó yí ara síríńjì sí ọ̀nà iwájú ẹnu, kí a tó tún máa tì í lọ. Bí kò bá kan egungun kankan, a ti kọjá lọ sẹ́yìn. Ẹni tó bá tú oògùn síbẹ̀ lè rí i kí ó wọ ibi tí itọ́ ti ń sun lẹ́bàá etí, kí ìdajì ojú aláìsàn sì rọ fún wákàtí díẹ̀, tí ìpéǹpéjú ò ní lè pa dé. Kí a sì tó tú ohunkóhun, a ó kọ́kọ́ fa ọwọ́ síríńjì sẹ́yìn wò bóyá ẹ̀jẹ̀ á wọlé. Ọwọ́ ló ń gbọ́ egungun yẹn. Ọwọ́ náà ló ń gbọ́ bí ibi tó jẹrà nínú eyín ṣe ń rọ̀ lábẹ́ irinṣẹ́, àti ìgbà tí eyín bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ lábẹ́ ẹ̀mú, tó fi jẹ́ pé kò yẹ ká tún fi agbára kún un. Kò sí bí fídíò ṣe lè mọ́lẹ̀ tó tí yóò fi ìyẹn hàn.

Ọ̀ràn kan tún wà tó jẹ́ tiwa gan-an. Púpọ̀ nínú àwọn fídíò tó dára ń wá láti Amẹ́ríkà, àwọn ará Amẹ́ríkà kì í sì í ka eyín bí a ṣe ń kà á. Nínú ètò FDI, ti àjọ àwọn oníṣègùn eyín lágbàáyé, tí a fi kọ́ àwọn ọmọ wa, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ igun ẹnu, ìkejì ń sọ ipò eyín láti àárín lọ sẹ́yìn. Èyí ló fi jẹ́ pé 18 ni eyín tó kẹ́yìn pátápátá lókè, lọ́wọ́ ọ̀tún aláìsàn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń kà á láti 1 dé 32 yípo ẹnu, 18 tiwọn sì wà nísàlẹ̀, lọ́wọ́ òsì, òun ló ṣáájú èyí tó kẹ́yìn. Àgbọ̀n méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nọ́ńbà kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń gbọ́ "eyín 18" láti orí fóònù tó sì ń kà á lórí káàdì aláìsàn lọ́jọ́ kan náà, ẹ rí ibi tí ìyẹn lè jásí nígbà tó bá kan ọ̀rọ̀ yíyọ eyín. Yàtọ̀ síyẹn, nínú àwọn fídíò wọ̀nyẹn, olùrànlọ́wọ́ jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń fa omi, ó ń na irinṣẹ́ síni lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ló ń dá a ṣe. Iṣẹ́ tí ọwọ́ mẹ́rin ń ṣe lójú fídíò, wọ́n á gbìyànjú láti fi ọwọ́ méjì ṣe é ní ìlànà kan náà, á wá dà bíi pé àwọn ni kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, èmi ò sí lára àwọn tó ń bá fídíò ṣọ̀tá. Ẹ rántí bí àfihàn ojúkojú ṣe ń rí ní tòótọ́: dókítà kan, aláìsàn kan, akẹ́kọ̀ọ́ jọ bí eṣú yí àga ká. Àwọn méjì tó wà níwájú rí nǹkan, àwọn tó kù ń wo ọrùn ara wọn. Ẹnu kéré, kò sì sí bí a ó ṣe fẹ̀ ẹ́. Ní ti rírí nìkan, fídíò tó dára sàn ju ìyẹn lọ fíìfíì, ó sì ṣeé tún wò. Ó wúlò fún ohun tí kì í sábà wá sí kílíníìkì. Ó wúlò fún ìlànà tí ètò rẹ̀ ṣe pàtàkì ju ọgbọ́n ọwọ́ lọ, irú bíi bí a ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́ àti bí a ṣe ń bọ́ ọ, bí a ṣe ń fọ irinṣẹ́ tí a sì ń pa kòkòrò ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ lóṣù kẹta ọdún 2020 nítorí kòrónà, àti nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ASUU gba oṣù mẹ́jọ nínú ọdún 2022, fídíò ló jẹ́ kí orí àwọn ọmọ kan ṣì wà nínú iṣẹ́. Orí wọn ni mo sọ o. Ọwọ́ wọn ti le kí wọ́n tó wọlé padà.

Oníṣẹ́ abẹ kan, Rodney Peyton, ṣàlàyé lọ́dún 1998 bí a ṣe lè fi ìpele mẹ́rin kọ́ ènìyàn níṣẹ́ ọwọ́, n ò sì tíì rí èyí tó bá ọ̀rọ̀ yín mu jù ú lọ. Olùkọ́ á kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà láìsọ̀rọ̀, bó ṣe máa ń yá a gan-an. Lẹ́yìn náà á tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, á máa ṣàlàyé. Ní ìpele kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń sọ̀rọ̀ tí olùkọ́ á máa ṣe ohun tó bá ní kó ṣe. Ìgbẹ̀yìn ni akẹ́kọ̀ọ́ á tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ẹ lè fi méjì àkọ́kọ́ lé fídíò lọ́wọ́. Méjì tó kù ń fẹ́ yín níbẹ̀, àsìkò tí ẹ bá sì rí gbà lára méjì àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ ná an sí. Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ yéé ṣe àfihàn, èsì mi ni pé ẹ lè yéé ṣe èyí tí wọ́n kàn ń dúró wò. Ìpele kẹta ni kí ẹ má fi tọrẹ, torí nígbà tí ọmọ bá ń sọ ohun tó kàn fún yín ni "a ti mọ̀ ọ́n" máa ń tú fó.

Ṣé kí ẹ lo fídíò ẹlòmíràn ni, tàbí kí ẹ ṣe tiyín? Ti ẹlòmíràn kò náni lówó, àwòrán rẹ̀ sì máa ń mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ wò ó dópin kí ẹ tó fi ránṣẹ́, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tẹ̀ lé e: nọ́ńbà eyín tí wọ́n pè báyìí, ohun tí àwa ń pè é nìyí, ibi tí wọ́n gé àsìkò, iye tó yẹ kó jẹ́ nìyí. Fún iṣẹ́ tí ọmọ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, tiyín ló dára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní dán tó ti òkè òkun. Fóònù yín tó. Ẹ má gbé e sí iwájú yín o, ẹ̀yìn èjìká yín ni kí ó wà, níbi tí ojú akẹ́kọ̀ọ́ máa wà bí ó bá jókòó sórí ìjókòó yín, kí ó sì ya eyín nínú dígí, pẹ̀lú omi àti ohun gbogbo. Ìgbà tí ẹ bá ń dúró de iná, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró dè é pẹ̀lú yín. Ẹ pín iṣẹ́ náà sí kékèké. Nígbà tí Philip Guo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ edX, ilé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, ṣe ń wo fídíò wò lọ́dún 2014, ohun tí wọ́n rí ni pé kí fídíò má kọjá ìṣẹ́jú 6. Ó tún dín ìnáwó dátà kù, ẹ sì mọ̀ pé owó dátà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ọmọ tó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì, torí WhatsApp máa ń fún fídíò pọ̀ títí ibi tó jẹrà àti ibi tó dára á fi jọra.

Bí ẹ bá ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo ọwọ́ òsì, ọgbọ́n kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹ yí fídíò náà padà láti ọ̀tún sí òsì, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń wo dígí. Fóònù púpọ̀ lè ṣe é. Iṣẹ́ tí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe lórí eyín apá ọ̀tún á wá di iṣẹ́ ọlọ́wọ́ òsì lórí eyín apá òsì, gbogbo ìjókòó àti ìdìmú rẹ̀ ló sì máa bá a mu. Àwọn ọmọ yìí ti jìyà tó lọ́wọ́ wa, gbogbo ohun tí a ń fi hàn wọ́n ni wọ́n ní láti kọ́kọ́ túmọ̀ lọ́kàn wọn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ igi tí wọ́n dì mú yẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí fídíò má dá wà láìsí ọwọ́ nítòsí rẹ̀. Kí wọ́n wò ó lálẹ́, kí ẹ ní kí wọ́n pa fóònù, kí wọ́n sì kọ àwọn ìgbésẹ̀ láti orí wá. Ìwádìí Roediger àti Karpicke lọ́dún 2006 fi hàn pé bí ènìyàn bá ń gbìyànjú láti rántí ohun tó kà, ohun náà máa ń pẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀ ju bí ó bá kàn ń tún un kà lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tó sọ ohunkóhun, ẹ fún wọn ní dígí àti irinṣẹ́ lórí phantom head fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí kò bá sí iná fún ẹ̀rọ, kí wọ́n fi pẹ́ńsù tọ ìlà lórí bébà tí wọ́n ń wò nínú dígí ẹnu nìkan. Ẹ̀rín á sọ, wọ́n á sì ti ṣetán láti gbọ́ yín.

Kí n má gbàgbé aláìsàn. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn sí ohun tó gbẹgẹ́. Ẹ gba ìyọ̀ǹda fún yíya fídíò lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ìyọ̀ǹda fún ìtọ́jú, kí aláìsàn sì mọ̀ pé bí òun bá kọ̀, ìtọ́jú òun ò yí padà. Bíbo ojú kò tó nínú iṣẹ́ tiwa. Ẹni tó ní èjí, tàbí tó kọ ilà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tàbí tó fi góòlù sí eyín iwájú, ará àdúgbò rẹ̀ á dá a mọ̀ láìrí ojú rẹ̀. Ohùn náà ń túni fó. Ẹ má sì jẹ́ kí fóònù tí ẹ fi yà á máa kó o lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àga. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn mi mọ. Fídíò lè jẹ́ kí ọmọ dé orí àga pẹ̀lú ìmúrasílẹ̀ tó dára, kí wákàtí kan tó bá lò níbẹ̀ sì ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá aláìsàn tàbí àga sílẹ̀. Ẹ kọ iye akẹ́kọ̀ọ́, iye àga tó ń ṣiṣẹ́ àti iye wákàtí tí iná fi wà lọ́sẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ fi fún olórí ẹ̀ka yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ fídíò kankan. Bí fídíò yín bá dára, ẹnì kan máa dìde níbi ìpàdé láti sọ pé kí wá ni a tún fẹ́ fi owó ra phantom head ṣe. Ìwé yẹn gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà.